Páànù irin àti agbada oníwẹ́dà: epo wo, iná wo, kí ló ń jẹ́ kó lẹ̀?

Alákàrà_Ìgbàlódé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nǹkan méjì ló wà nílẹ̀. Èkíní ni páànù ìdínǹkan tòkunbọ̀, irin tó wúwo, tó ti dógùn-ún tinú tòde. Èkejì ni agbada àkàrà tí oníwẹ́dà ṣe, ṣíìtì mìlímítà 2. Wọ́n ní kí a fi epo pupa pa á, kí a gbé e kaná. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ojú agbada wá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi, ẹyin kò sì ṣeé dín nínú rẹ̀ rárá. Kí ni ká ṣe sí méjèèjì? Gáàsì àti ẹ̀ẹ́dú ló wà, kò sí ófìnù.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Kí epo tó kan irin rárá, ẹ wá òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó. Ẹ gbé e kan ìdí páànù. Bó bá gbá a mú gírígírí, irin ni. Bó bá já bọ́, alumíníọ̀mù ni, bó ti wù kó dúdú tó, bó ti wù kó wúwo tó. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń rà lọ́jà ní "ìkòkò irin" kì í ṣe irin: àlòkù ẹ̀rọ mọ́tò, agolo àti férémù wíńdò ni wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú iyanrìn. Ṣakí lókìkí fún iṣẹ́ yìí. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kì í dógùn-ún bí irin, ẹ má sì rì í sínú kọ́síìkì sódà láéláé. Sódà á jẹ ẹ́, á máa hó, afẹ́fẹ́ háídrójìn tó ń gbaná á sì máa jáde. Àti pé nígbà tí a kò ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n yọ́ pọ̀, òjé lè wà níbẹ̀. Àwọn tó yẹ irú ìkòkò yìí wò ní Kamẹrúùnù bá òjé tó ń jò láti ara rẹ̀ sínú omi kíkan. Ẹ má se ọbẹ̀ tòmátì pẹ́ nínú rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Ti páànù tòkunbọ̀ yín: ẹ fi ìka kan gbé e kọ́ níbi ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ fi igi lù ú. Bó bá dún gooro, ara rẹ̀ pé. Bó bá dún pọ̀, ó ti là níbì kan. Ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé. Èyí tó ti là, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á wẹ́ẹ̀dì í. Irin dídà, ìyẹn irin tí wọ́n yọ́ dà bí ti páànù yín, ní kábọ́ọ̀nù tó ìdá 2 sí 4 nínú 100, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè tẹ̀: fífọ́ ló ń fọ́. Ooru wẹ́dà á sì tún la ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n lẹ̀. Ṣíìtì tí oníwẹ́dà ń lò kì í sábà ju ìdá 0.25 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ tí kì í fọ́. Torí náà, bí omi tútù bá dà sórí wọn ní gbígbóná, páànù dídà lè là, agbada á sì wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sọ: àwọn kan máa ń yọ́ òjé nínú páànù irin àtijọ́ láti fi ṣe ìwúwo àwọ̀n apẹja tàbí ọta ìbọn. Bí ẹ bá rí èérún eérú-eérú tó ń dán, tí èékánná lè họ, ẹ lò ó fún gbígbin òdòdó. Fífọ̀ kò lè kó o kúrò dáadáa.

Wẹ́dà_Ọ̀tà:
Ti agbada ni kí n sọ. Ṣíìtì dúdú tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀ ní awọ kan lójú, dúdú tó ń pọ́n sí búlúù díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń tẹ irin náà ní gbígbóná ni awọ yẹn ti wá. Ó máa ń ṣí ní ègé-ègé. Bí ẹ bá jó epo lé e lórí, awọ lẹ jó epo mọ́, ẹ kò tíì kan irin. Ọjọ́ tí awọ bá ṣí, epo á bá a lọ. Gíráńdà tí wọ́n fi dísíìkì sáńpépà 60 sí, tí wọ́n sì fi 120 parí rẹ̀, á kó o kúrò. Ẹni tí kò bá ní gíráńdà, kó da fíníígà tí kò lómi sínú agbada di ọjọ́ kejì, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí i tí irin á di eérú mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀. Bó bá ṣì ní ojú dúdú, ẹ tún un ṣe.

Ẹ bi oníwẹ́dà yín irú ṣíìtì tó lò. Ti gàfánáìsì, èyí tó ń dán tí àbàwọ́n fàdákà ńláńlá sì hàn lójú rẹ̀, síńkì ni wọ́n fi bò ó. Síńkì ń yọ́ ní dígírì 419, iná igi lábẹ́ agbada òfìfo sì lè débẹ̀. Ohun kíkan náà ń jẹ ẹ́ wọ inú oúnjẹ. Oníwẹ́dà tó bá fa èéfín rẹ̀ símú á gbọ̀n bí ìgbà tí ibà mú un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Má sun ún, má họ ọ́, dá a padà fún un.

Dúrọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Èyí tó jẹ́ lítà 200 kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 1.2 lọ. Ó kéré jù fún àkàrà: àárín á gbóná jù, etí á tutù, ìdí á sì wú sókè láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló tún ní ọ̀dà nínú. Mìlímítà 2 dára fún agbada àkàrà, 3 fún agbada gààrí tó fẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo dúrọ́ọ̀mù dandan, kó jẹ́ èyí tó gbé oúnjẹ nìkan. Èyí tó gbé kẹ́míkà rí, kò sí iye fífọ̀ tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tó gbé bẹntiróò rí, oru inú rẹ̀ lè bú gbàù nígbà tí wọ́n bá ń fi iná gé e.

Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ tún fi ọwọ́ wá. Ìdàrọ́ wẹ́dà tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ á máa já sínú òróró. Ihò kéékèèké tó wà níbẹ̀ á máa gba omi mọ́ra, ibẹ̀ lá sì kọ́kọ́ dógùn-ún. Ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ tinú tòde, kí wọ́n sì fi gíráńdà tẹ́ inú rẹ̀ títí ìka kò fi ní mọ ibi tí ó wà mọ́.

Kẹ́mísírì_Inú_Ọbẹ̀:
Ìdí tí agbada fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ jẹ́ méjì, ẹ sì kó méjèèjì pọ̀: epo yín nípọn jù, iná yín kò sì tó.

Ohun tí à ń ṣe kì í ṣe kí epo wà lójú irin. Ooru àti afẹ́fẹ́ ni a fẹ́ kó so àwọn ẹyọ inú epo mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi di awọ líle tí omi kò lè yọ́. Epo kì í fi bákan náà dì. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, iye gíráàmù áyódíìnì tí 100 gíráàmù epo lè gbà mọ́ra: bó bá ṣe pọ̀ tó ni epo náà ṣe ń tètè dì tó. Òróró sóyà wà láàárín 120 sí 140, òróró ẹ̀pà láàárín 85 sí 105, epo pupa ní bí 50 sí 55. Àdín ekuro kò ju nǹkan bí 20 lọ, ti àgbọn kò sì tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹ wá rí i pé bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ni kò fẹ́ dì rárá. Ó lè di dúdú, ó sì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an, epo náà sì gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti òróró lọ. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, òróró sóyà ni. Èyí tó bá kọ "vegetable oil" lára ike, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, torí epo pupa tí wọ́n fọ̀ mọ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀ nílé.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra òróró flax (ti irúgbìn linseed). Ó tètè ń dì ju gbogbo wọn lọ, tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ gan jù: bí páànù bá ń gbóná tó ń tutù, ó ń là, ó ń ṣí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tó owó rẹ̀.

Ìyá_Alágààrí:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra o. Epo pupa ni gbogbo agbada gààrí nílẹ̀ wa ń lò, kò sì sí èyí tó ń lẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni iná igi tó ń jó lábẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àti gààrí fúnra rẹ̀ tó ń nu ojú agbada lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń mú agbada tuntun wọṣẹ́ nìyí. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti iyanrìn, ẹ fi iná gbẹ ẹ́. Ẹ rẹ àkísà sínú epo pupa, ẹ fún un dànù, kí ẹ wá fi nu inú agbada. Ẹ da pàǹtí ẹ̀gẹ́ sí i, èyí tó ṣẹ́kù lórí asẹ́, bí kọ́ńgò méjì fún agbada tó fẹ̀ ní mítà kan. Ẹ máa yan án, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí, títí yóò fi jóná dúdú. Ẹ dà á nù. Ẹ ṣe é títí pàǹtí tí ẹ bá dà á sí kò fi ní mú àbàwọ́n mọ́, ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Gààrí àkọ́kọ́, ẹ má tà á.

Àfọ́kù igbá ni kí ẹ máa fi rò ó, ẹ má fi ṣọ́bìrì onírin. Ẹ̀gẹ́ tútù kò sì gbọ́dọ̀ dúró nínú agbada tí iná ti kú: kíkan ara rẹ̀ á jẹ irin, gààrí á di eérú-eérú, á sì máa rùn bí irin.

Kẹ́mísírì_Inú_Ọbẹ̀:
Ẹ ṣé, Mà. Òótọ́ ni, iná igi yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí gáàsì kò lè ṣe. Agbada àkàrà lórí gáàsì ni mo fi òróró sóyà dámọ̀ràn fún.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Ó dáa, Alákàrà, ẹ jẹ́ ká tò ó fún yín. Páànù tó dógùn-ún àti agbada tó ń lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá pàdé níbi epo.

Agbada kọ́kọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé lórí ẹ̀ẹ́dú tó ti pọ́n dáadáa, níta gbangba, kí ẹ fi páànù òrùlé àlòkù tí kì í ṣe gàfánáìsì bò ó tàbí kí ẹ to búlọ́ọ̀kù yí i ká. Á mú èéfín jáde. Ẹ fi í sílẹ̀ títí èéfín yóò fi dá, ó lè tó wákàtí kan. Nígbà mìíràn ohun tó ń lẹ̀ yẹn á dì, ẹ ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu. Bó bá ṣì ń lẹ̀ lẹ́yìn tó tutù, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Kọ́síìkì sódà 500 gíráàmù sínú omi lítà 20, nínú ike ńlá, kì í ṣe nínú bàsíà alumíníọ̀mù. Sódà lẹ ó máa bù sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà lórí, á tú sókè sí yín lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kò sí àwáwí. Ẹ rì agbada sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Omi eérú tó le, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, á ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Agbada tó fẹ̀ ju ike lọ, ẹ fi omi sódà náà pò ìyẹ̀fun fùláwà títí yóò fi ki bí ògì, kí ẹ fi pa á lára, kí ẹ fi ọ̀rá ike bò ó kó má baà gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tó ní alumíníọ̀mù lára tàbí ọwọ́ lásán, rárá o.

Páànù tó dógùn-ún: fíníígà ìdajì, omi ìdajì, kó bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n ọ́n. Bó bá ṣẹ́kù, ìṣẹ́jú 30 mìíràn. Ẹ má fi í sùn síbẹ̀, irin dídà ní ihò wínníwínní, kíkan á jẹ ẹ́ wọnú lẹ́yìn tí ìdógùn-ún bá ti tán. (Fíníígà alẹ́ kan tí Wẹ́dà sọ, ṣíìtì tó ní awọ dúdú ló wà fún.) Omidùn ògì tó kan dáadáa lè rọ́pò fíníígà, ẹ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó lọ́ra.

Lẹ́yìn èyí, ọṣẹ àti omi gbígbóná, kí ẹ sì gbé e kaná lójú ẹsẹ̀. Irin ìhòòhò á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Tí ẹ bá rí ẹ̀rún pupa díẹ̀ lára àkísà, ẹ fi òróró nù ún, kò bàjẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:
Ẹ jẹ́ kí n gba ibi epo ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣìṣe.

Páànù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25: òróró ìlàjì ṣíbí ìmutíì ti pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí náà tó. Ẹ mú un gbóná títí ọwọ́ kò fi ní lè dúró lórí rẹ̀, kí ẹ fi àkísà òwú pa á tinú tòde. Àkísà òwú o, ti pólíẹ́sítà á yọ́ mọ́ irin. Kí ẹ wá mú àkísà gbígbẹ mìíràn, kí ẹ nu gbogbo epo yẹn kúrò bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́. Ojú páànù kò gbọ́dọ̀ dán. Tó bá ń dán, ẹ nù ún sí i. Epo tí ojú kò rí ló ń dì. Èyí tí ojú rí á kó jọ, á di lílẹ̀.

Ẹni tó ní ófìnù: dígírì 230 sí 250 (máàkì 8 tàbí 9 fún ti gáàsì), ẹ dojú páànù dé, wákàtí kan, kó tutù síbẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ̀rọ tó ń ké nígbà èéfín á ké. Lórí gáàsì: iná àárín, ẹ máa yí páànù káàkiri kí etí náà lè gba iná. Á mú èéfín, á sì dá láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n bí wúrà, á wá di àwọ̀ igi, á sì di dúdú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tó. Ẹ má dúró de dúdú pátápátá, dídín nǹkan nínú rẹ̀ ló ń parí iṣẹ́. Dúdú tí wọ́n fi ń ta tuntun, epo tí ilé iṣẹ́ ti jó mọ́ ọn ni, kò yọ yín nínú ṣíṣe ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Alákàrà_Ìgbàlódé:
Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti lóye ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kí ni a máa kọ́kọ́ dín? Ṣé ó yẹ kí ọṣẹ kàn án? Àti ata?

Kẹ́mísírì_Inú_Ọbẹ̀:
Ohun tó ní òróró púpọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ dín: àkàrà, dùńdún, ẹja tó ti gbẹ omi lára. Ẹyin di ọ̀sẹ̀ kẹta. Dòdò tó ti pọ́n jù ní ṣúgà púpọ̀, ó ń jóná mọ́ irin. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí i, kó hó ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi igi họ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí irin gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí iná díẹ̀ kí epo tó wọ inú rẹ̀. Ẹ ta omi sí i: tó bá ń sáré káàkiri ní róbótó dípò kó hó níbi kan, ó ti tó. Ẹran tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fà á, kò tíì jinná lábẹ́. Á tú fúnra rẹ̀.

Ata àti tòmátì: wákàtí kan nínú awọ tuntun, awọ ti lọ nìyẹn, ọbẹ̀ á sì máa gbóòórùn irin. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọbẹ̀ ìṣẹ́jú 20 kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ dà á sínú abọ́ mìíràn. Ilá àti iṣu máa ń ṣú nínú irin. Kì í ṣe májèlé, ojú ni kò wu. Irin tó ń wọ inú oúnjẹ náà lè wúlò: ìwádìí kan ní Etiópíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ìkòkò irin dáná fún ṣe dáadáa ju tàwọn tó ń lo alumíníọ̀mù.

Ọṣẹ ìfọbọ́ òde òní kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọṣẹ dúdú tí eérú rẹ̀ le, ẹ má fi pẹ́ lára rẹ̀. Ohun tó ń ba irin jẹ́ ni kí omi sùn nínú rẹ̀.

Ìyá_Alágààrí:
Kàìnkàìn tó rọ̀ ló dára, kì í ṣe irin wínníwínní. Lásìkò òjò, àti fún ẹ̀yin tó ń gbé etí òkun l'Ékòó, ẹ gbé e kaná lẹ́yìn fífọ̀ títí omi yóò fi tán, ẹ fi òróró tín-ín-rín nù ún, kí ẹ sì fi bébà ìwé ìròyìn sáàárín bí ẹ bá ń to wọn léra. Ẹ má fi ọmọrí dé e.

Alákàrà_Ìgbàlódé:
Ó ku ẹyọ kan. Oníwẹ́dà fẹ́ fi páìpù ṣe ọwọ́ agbada, kó sì dí ẹnu rẹ̀ kó lè dùn ún wò. Ṣé kò burú?

Wẹ́dà_Ọ̀tà:
Ẹ má jẹ́ kó dí i pátápátá. Omi tàbí epo tó bá há sínú rẹ̀ á di oru nígbà tí ó bá gbóná, páìpù á sì bú. Kó fi dírílì lu ihò mìlímítà 3 sí abẹ́ páìpù náà, ní ìpẹ̀kun tó jìnnà sí iná, kó sì ṣe é ṣáájú kó tó wẹ́ẹ̀dì ìdérí rẹ̀.